Ilé Ọba Tí Kò Jó

Àwọn àgbà a máa wí pé, ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Èmi náà ti fi òwe yìí jiyàn rí pé kí á wó ilé tí ó bá ti gbó, kí tuntun lè dé. Ìtàn ilé kan ní agbègbè Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó yí mi lọ́kàn padà.

Ightham Mote ni orúkọ rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Òkúta àti igi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn yàrá rẹ̀ yí àgbàlá kan po, omi sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Kì í ṣe ẹnì kan ni ó kọ́ ọ tán. Gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọdún 1330, ṣùgbọ́n ayé ọba Henry Kẹjọ ni wọ́n fi ọ̀dà ya àwòrán sí àjà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré inú rẹ̀. Bí onílé kan ti ń lọ ni òmíràn ń fi tirẹ̀ kún un.

Ní 1951, wọ́n gbé ilé náà sọ́jà. Àwọn kan dá a lábàá pé kí á wó o, kí á ta òjé orí òrùlé rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ará àdúgbò ni ó rà á kí ó má baà parun. Ní 1953, Charles Henry Robinson, ọmọ Amẹ́ríkà, rà á. Nígbà tí ó kú ní 1985, National Trust ni ó jogún rẹ̀. Láti 1989 di 2004, àwọn oníṣẹ́ ń tú u ní apá kọ̀ọ̀kan: wọ́n gé ibi tí igi ti jẹrà, wọ́n fi tuntun lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dá èyí tí ó ṣì le padà sí ipò rẹ̀. Owó tí ó bá iṣẹ́ náà lọ ju mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn.

Ẹnì kan lè wí pé owó yẹn ì bá kọ́ ilé tuntun púpọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni yóò fi hàn wá bí gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ìgbà náà ti ń so igi mọ́ igi? Owó lè kọ́ ilé. Kò lè ra 700 ọdún.

Lójú tèmi, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọ̀nyẹn kò kéré sí ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. Ilé ọba tí ó jó lè lẹ́wà sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé àná mọ́. Nítorí náà, kí á tó ké sí awólé, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà.