Ọmọ Tó Ń Kọ́ Ẹ̀rọ, Níbo Ló Ń Lọ?



Kò sí awakọ̀ tí í gbéra ní gáréèjì láìmọ ibi tí ó ń lọ. Bí ó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ forí lé Ọ̀yọ́, ó mọ ibi tí yóò dé, ó sì mọ ibi tí ó bá ìrìn dé lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yín tó ti ilé-ìwé dé pé kí ló kọ́. Yóò ní, "A ṣe kọ̀ǹpútà." Kí ni ẹ fi ṣe? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń kú sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, wọ́n sì kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà jókòó sí, nítorí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Owó jáde, ẹ̀rọ dé, ẹ̀kọ́ kò dé. Ní 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, aládùúgbò wa, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọpọ́n kì í dáfá fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá ni í rí nǹkan gbà níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀gá kì í kàn sọ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pé, "Máa kọ́ mọ́tò." Yóò ní kí oṣù yìí tó parí, ìwọ nìkan ni yóò tú gíabọ́ọ̀sì yìí, ìwọ náà ni yóò sì tò ó padà. Bí ó bá tò ó tán tí nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́kù nílẹ̀, ọ̀gá á ní kí ó wá ibi tí ó ti ṣì í, kí ó tún un tú. Ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí ní kíláàsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun kan ṣoṣo sínú ìwé: "Kí sáà yìí tó parí, n óò lè tẹ lẹ́tà ojú ewé kan láìsí ìrànlọ́wọ́." Ní àárín sáà àti ní ìparí rẹ̀, kí olùkọ́ bi í pé: Kí lo ti lè ṣe? Ibo ló ti há? Kí ló kàn? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa fẹ́ kí ọmọ wa kọ́ wíwo ẹ̀yìn láti kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má sì nà án bí kò bá tíì débẹ̀. Bí a bá nà án, irọ́ ni yóò kọ lọ́jọ́ mìíràn.

Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí láti 1990, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lè máa wo ẹnubodè rẹ̀ lókèèrè. Ọmọ olówó ní kọ̀ǹpútà nílé. Kíláàsì nìkan ni ọmọ tiwa ní.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dá owó kọ̀ǹpútà ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ má ṣe béèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ yóò lè ṣe ní ìparí sáà, àti ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí iná, bí olùkọ́ kò bá tó, ẹ má bá olùkọ́ jà. Òṣìṣẹ́ bí tiwa ni. Ẹ jẹ́ kí a jọ kọjú sí ìjọba. Nílé, ẹ ní kí ọmọ fi ohun tó kọ́ hàn yín. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá mọ ẹni tó mọṣẹ́.

Ìrẹ́pọ̀ òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́.