Kí A Tó Dáwó Ra Ráútà Mìíràn

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ganaja, Adankolo, Felele àti Lokongoma, ọ̀rọ̀ Wi-Fi ẹgbẹ́ wa la tún gbé dé o. A mọ̀ pé ó ti sú àwọn kan, àmọ́ owó gbogbo wa ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa ló sì ń lò ó.

Gbogbo wa la mọ bí dátà ṣe wọ́n. Láti January 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi ohun tó lè tó 50% kún owó wọn, ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé ò lè máa ra dátà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi dáwó jọ, tá a gbé íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, ká lè fi Wi-Fi gbé e dé yàrá tí àwọn ọmọ ti ń ṣe lẹ́sìnnì, tó lé ní kìlómítà méjì síbẹ̀. A ra Raspberry Pi méjì, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò fẹ̀ ju káàdì báńkì lọ, ká sọ wọ́n di ráútà.

Adapter Wi-Fi tá a kọ́kọ́ rà, áńtẹ́nà rẹ̀ gùn, nọ́ńbà ńláńlá ló wà lára páálí rẹ̀. A gbé e délé, kò ṣiṣẹ́. Chip inú rẹ̀ kò ní dráífà tó dáa nínú OpenWrt tá a fẹ́ lò. Owó ti wọgbó. Ọmọ wa ọkùnrin kan ló wádìí, tó ní ká wá èyí tó ní chip Atheros AR9271. Ìyẹn ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì gbádùn rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ yìí wá lọ sin ìjọba, mẹ́mórì káàdì kan bàjẹ́, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe to nǹkan sínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ yẹn dúró bí ère.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn àgbà kan ní ká dáwó ra ráútà olówó ńlá, ká pa èyí tì. A gbọ́ wọn yé. Ẹni tó ń ti ọjà dé lálẹ́ ò fẹ́ gbọ́ nípa chip. Ṣùgbọ́n àwa tá à ń bójú tó ojú ìwé yìí ò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló já wa kulẹ̀. Orí ẹnì kan ṣoṣo la gbé gbogbo ìmọ̀ náà lé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Gbogbo ráútà ló ní firmware, ìyẹn ètò tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ fún un. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń ti tiwọn pa. Ní 2003, àwọn èèyàn rí i pé Linux ló wà nínú ráútà Linksys WRT54G, ilé-iṣẹ́ náà sì ní láti gbé kóòdù rẹ̀ síta. Ibẹ̀ ni OpenWrt ti jáde ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i wò.

Àǹfààní rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn rèé. Bí Wi-Fi bá ránṣẹ́, ó máa ń dúró gbọ́ "mo ti gbà á" láti òdìkejì. Bí èsì bá pẹ́, á rò pé iṣẹ́ náà sọnù, á tún un rán, gbogbo rẹ̀ á wá máa falẹ̀. OpenWrt jẹ́ ká lè sọ fún un bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kó lè ní sùúrù. Ní 2006, Ermanno Pietrosemoli àtàwọn èèyàn rẹ̀ fi ráútà Linksys àti OpenWrt gbé Wi-Fi lọ sí 279 kìlómítà ní Venezuela, láti orí òkè. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Lọ́kọ́ja dé Òṣogbo, kò ní rìn tó bẹ́ẹ̀. Kìlómítà méjì tiwa wá kéré. Kí áńtẹ́nà méjèèjì ṣáà kọjú síra, kí ògiri, ewé máńgòrò tàbí Òkè Patti má dí wọn lójú. Ariwo nìkan ò tó: bí ìhín bá ń pariwo tí ọ̀hún ò lè dáhùn, kò sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Rárá o. OpenWrt ní ohun tí wọ́n ń pè ní Image Builder. Ó dà bí ẹni tó ra èlùbọ́ tí wọ́n ti lọ̀, tó kù kó ro àmàlà. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ gbin iṣu. Ẹ yan irú Raspberry Pi yín, ẹ fi dráífà kmod-ath9k-htc kún un, ẹ kọ ọ́ sórí mẹ́mórì káàdì, ó parí.

Ní Kafanchan, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, Fantsuam Foundation ti dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláwùjọ tí wọ́n ń pè ní ZittNet sílẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣe é níbẹ̀, kí ló dé tá ò ní ṣe é níbi tí odò méjì ti pàdé?

Ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ mẹ́ta kọ́ ọ, kí ọmọbìnrin wà lára wọn. Kí wọ́n kọ gbogbo bí wọ́n ṣe tò ó sínú ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí mẹ́mórì káàdì méjì wà nípamọ́. Kí wọ́n fi NG sí ibi orílẹ̀-èdè, kí agbára rẹ̀ má kọjá òfin. Kí a má sì tà á fún ará àdúgbò, torí ìwé àṣẹ NCC ni wọ́n fi ń ta íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa fúnra wa la jìn sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́ ká fi owó tuntun gbẹ́ òmíràn. Ẹ sọ èrò yín sísàlẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di ìpàdé.