Ọwọ́ Ẹni Ni A Fi Í Tún Ohun Ẹni Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ pa eèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí ọmọ bá mú sukurudiráfà, tí ó ní òun fẹ́ wo inú ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tí ó dákẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, igbe ni àwa òbí àti olùkọ́ máa ń fi bọ ẹnu: "Má tú u! O óò bà á jẹ́!" Àfi bí ẹni pé ohun tí ó ti kú tún lè kú lẹ́ẹ̀kejì. Mo lòdì sí igbe yìí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ta ni ó dá Game Boy tí ó jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1989 sílẹ̀? Gunpei Yokoi ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ wo ni ilé-iṣẹ́ Nintendo gbà á sí ní ọdún 1965? Ìtọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìṣeré ni. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ẹlòmíràn ṣe ni ó padà di ẹni tí ń dá ẹ̀rọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé yìí gan-an ni àwa ń tì mọ́ àwọn ọmọ wa lójú.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ àwámárìídìí ni. Rárá o. Bátìrì 4 ni Game Boy àkọ́kọ́ ń lò. Bí a bá gbàgbé wọn sínú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, omi inú wọn lè jò, kí ó sì ba àwọn irin tí iná ń gbà kọjá jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gbé e sọ sí ààtàn. Ẹni tí ó mọ̀ yóò yọ bátìrì náà kúrò, yóò fi òwú tí a rẹ sínú ọtí kíkan nu irin náà títí yóò fi dán, yóò nù ún gbẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà yóò jí. Ṣé èyí ju agbára ọmọ ọdún 12 lọ?

N kò sọ pé kò léwu. Bátìrì lithium tí ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun lè gbiná bí a bá gún un tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ po. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà léwu, síbẹ̀ a ń kọ́ ọmọ bí a ti í fi í bẹ iṣu.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà kò ràn wá lọ́wọ́. Sukúrù tí orí rẹ̀ ní apá mẹ́ta, tí sukurudiráfà inú ilé kò lè tú, ni wọ́n fi de ẹ̀yìn Game Boy. Ní ọdún 2018, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan kìlọ̀ fún ilé-iṣẹ́ 6, Nintendo àti Sony wà nínú wọn, nítorí pé wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé ẹni tí ó bá já èdìdì ẹ̀rọ tàbí tí ó lo ohun àtúnṣe ẹlòmíràn ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ California sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe ní ọdún 2023, wọ́n yọ ẹ̀rọ géèmù kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ilé, tí a ní kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ṣé onílé ni, àbí ayálégbé?

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan Ẹ̀ka Yorùbá níbẹ̀. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n! Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè tí ó lè kọ́ni ní ìṣirò lè júwe ibi tí iná ti já nínú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a rán yín lọ, ẹ wá ẹ̀rọ kan tí ó ti kú, ẹ tú u níwájú àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ jí, ojú àwọn ọmọ náà yóò ti là.

Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ohun ìní ẹni ńkọ́?