Ọmọ Ìgándò Kò Yẹ Kó Wọkọ̀ Dé Súrùlérè Kó Tó Kàwé

Bí òbí kan ní Ìgándò bá lọ́mọ tí kò ríran, tó wá ń béèrè ilé-ìwé kiri, Pacelli ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Súrùlérè ni Pacelli wà, láti ọdún 1962 ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn tí kò ríran àti àwọn tí ojú wọn ò mọ́lẹ̀ tó níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé etí ni kò gbọ́, wọn á ní Wesley. Súrùlérè náà ni. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́, Modupe Cole ní Akọka ni wọn yóò júwe.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ilé-ìwé yìí ń ṣe. Cobhams Asuquo, olórin tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ọmọ Pacelli ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà. Ìyá tí kò bá fẹ́ kí ọmọ kékeré máa sùn nílé-ìwé ní láti gbé e láti Ìkòtún gba Ìsọlọ̀, kó wọ danfó, kó bọ́ọ́lẹ̀, kó tún wọ òmíràn nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, kó padà wá tajà, kó sì tún lọ mú un lọ́sàn-án. Owó ọkọ̀ nìkan á jẹ èrè ọjà tán. Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìgándò àti Ìkòtún wà, kì í sì í ṣe abúlé o: ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2006, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí wọ́n ka tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí èrò pọ̀ tó yìí, ilé-ìwé àdúgbò ló yẹ kó yí ọwọ́ ìkọ́ni padà, kì í ṣe ọmọ ló yẹ kó máa wá ilé-ìwé káàkiri ìlú.

Òfin ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ọdún 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lu òfin àwọn akàndá ní Èkó, òun ló bí LASODA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ìparí girama, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan, Braille àti èdè àmì nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe kí akàndá lè ráyè wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Síbẹ̀, àwọn olóṣèlú wa ò tíì ṣíwọ́ gbígbé àga onítáyà fún ọmọ níwájú kámẹ́rà, kí wọ́n tó dá a padà sí kíláàsì tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn débẹ̀.

Àtẹ̀gùn ṣì kéré. Ẹnu olùkọ́ ló ń dá ọmọ dúró jù. Ẹ wo tíṣà ìṣirò tó kọjú sí pátákó, tó ń wí pé, “Ẹ mú èyí kúrò nínú ìyẹn, ẹ kọ ọ́ síbí.” Èwo ni èyí? Níbo ni ibí? Bó bá sọ pé, “Ẹ yọ 8 kúrò nínú 15, ó ku 7,” ọmọ tí kò ríran bá wọn gbọ́ ọ, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo, tó ń wo ètè olùkọ́, ìpàkọ́ ló ń rí nígbà tí tíṣà bá ń kọ̀wé tó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí tíṣà kọ ọ́ tán, kó yíjú, kó tó lanu.

Ti àfín ló burú jù, nítorí awọ ara nìkan ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀, ohun tó sọ awọ di funfun náà ló kan ojú: àfín kì í sábà rí ọ̀ọ́kán, ìmọ́lẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, gíláàsì ò sì lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọmọ á fún ojú pọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, kò ní lè da ìwé kọ, wọ́n á ní olódo ni. Iwájú ló yẹ kó jókòó, kó má kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n jẹ́ kó dìde lọ sídìí pátákó nígbà tó bá fẹ́, kí wọ́n sì tẹ ìdánwò rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ńkọ́? Kó fẹnu dáhùn.

Àwọn tíṣà lè bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò sì jẹ̀bi pátápátá. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ má ju 35 lọ fún olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti yọjú sí ilé-ìwé ìjọba ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòtún mọ bí kíláàsì ṣe ń kún tó. Tíṣà tó ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí tọmọ ò lè tún máa kọ́ra rẹ̀ ní Braille. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, àwọn tí yóò máa kọ́ akàndá ló ń tọ́. Yunifásítì Ìbàdàn náà ń ṣe é. Kí SUBEB Èkó, àjọ tó ń gba tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gba irú wọn, kó má dè wọ́n mọ́ ilé-ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n máa yí ká: Ìgándò lónìí, Ìdímù lọ́la, Ìpájà lọ́tùn-únla. Bí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọ ni wọn yóò máa kọ́ tíṣà tí wọ́n bá nílẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé kò ṣeé ṣe. JAMB, àjọ ìdánwò àtiwọ yunifásítì tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣépè fún, ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti 2017, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola darí, tó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn tí kò ríran ní ọ̀nà tó bá wọn mu. Ẹnu ọ̀nà yunifásítì ti ṣí díẹ̀. Kíláàsì tó yẹ kó gbé ọmọ Alímọ̀ṣọ́ dé ibẹ̀ ni kò tíì ṣí. Nígbà tí SUBEB bá tún fẹ́ gba olùkọ́, kí àwọn òbí Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá bi kánsẹ́lọ̀ wọn léèrè: mélòó nínú àwọn olùkọ́ náà ló gbọ́ èdè àmì, mélòó ló mọ Braille, mélòó ni wọ́n sì ń rán bọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́?