Ẹ Má Ṣe Bọ́ Àmì Kúrò Lára Orúkọ Fáìlì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè Yorùbá, kí ni a ń wò kí a tó yí orúkọ fáìlì padà?

Mo gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ lórúkọ. Nínú fódà ti Ẹ̀pẹ́ ni oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà a máa da ẹ̀rọ láàmú. Ó ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, ó sì fi mv, àṣẹ tí a fi ń yí orúkọ fáìlì padà lórí Linux, bọ́ gbogbo àmì náà kúrò. Fáìlì márùn-ún di oko.wav kan ṣoṣo! Bí fáìlì mìíràn bá ti ń jẹ́ orúkọ tuntun náà, mv kì í bèèrè. Ńṣe ni ó ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Èmi náà jẹ̀bi, nítorí n kò ṣe ẹ̀dà. Bàbá apẹja tí ó pe ọkọ̀ fún mi létí ọ̀sà ti papòdà. Ta ni yóò tún un pè?

Àwọn kan yóò ní àṣẹ ni ó jẹ̀bi. N kò gbà. Ìránṣẹ́ ni àṣẹ. Bí a bá fi -i kún mv, yóò bèèrè kí ó tó pa fáìlì rẹ́. Ẹni tí ó rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì ni ó jẹ̀bi. Ohùn ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè wa gẹ́gẹ́ bí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ti ń ṣe.

Irọ́ sì ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wọ́n. Láti ọdún 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú Unicode. Òótọ́ ni pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. A ní láti so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì. Nítorí náà, ẹ̀rọ méjì lè to Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀nà méjì tí ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn, kí a wá fáìlì náà tì. Ṣùgbọ́n convmv wà: bí a bá lò ó pẹ̀lú --nfc, yóò sọ gbogbo orúkọ di ìlànà kan láìyọ àmì kankan. Yóò kọ́kọ́ fi ohun tí ó fẹ́ ṣe hàn wá; kò ní yí nǹkan kan padà àfi bí a bá fi --notest kún un. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 kò yọ fáìlì sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó tẹ àṣẹ, kí ẹ sì fi àmì sí orúkọ. Bí a bá kọ Epe láìsí àmì, èpè ni àlejò lè kà á sí. Ìlú wa kì í ṣe èpè.