Ẹ̀fẹ̀ àti Èébú ní Ìlú Ẹnudùnjuyọ̀

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ti ń pe Ìlọrin ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnudùnjuyọ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ ìlú náà nìkan ni wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ará Ìbàdàn, ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú a máa kí wọn bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ ẹni tí ó fẹ́ wí pé, ‘Ẹ̀yin ará ibí yìí, ta ni ó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu borí yín?’ Oríkì wà nínú orúkọ kan ṣoṣo yìí, ẹ̀fẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí ó mú wa gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ewé yìí ni pé, ó jọ pé ààlà tí ó wà láàárín ẹ̀fẹ̀ àti èébú ti ń pa rẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn wa lójú, àti pé ní Ìlọrin gan-an, ìlú tí a fi ẹnu dídùn mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ti gbé ènìyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá àti iwájú adájọ́.

Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ ọdún 2023. Ní àárín ọdún náà, ìyá oníṣẹ̀ṣe kan ní Ìlọrin kéde pé òun yóò ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe. Àwọn Mùsùlùmí kan lọ bá a nílé pé kò gbọdọ̀ ṣe é ní ìlú náà, ọdún náà kò sì wáyé. Ní oṣù keje, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Ẹ́míà Ìlọrin, Alhaji Ibrahim Sulu-Gambari. Àwọn àlùfáà kan fèsì. Àwọn ọ̀dọ́ lọ́tùn-ún lósì sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí ẹ̀tọ́ ẹlẹ́sìn, tí ó di pé ta ni ó mọ ènìyàn bú jù. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, ọlọ́pàá ti mú ajàfẹ́tọ̀ọ́ oníṣẹ̀ṣe kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e wá jẹ́jọ́ ní Ìlọrin, lórí ẹ̀sùn pé ó ba àwọn àlùfáà lórúkọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kọ́ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín. Ilé ẹjọ́ ni ó ni ìyẹn. Ohun tí ó kàn wá ni gbólóhùn kan tí a ń gbọ́ lẹ́nu tọmọdé-tàgbà láti ìgbà náà. Bí ẹnìkan bá ti pariwo pé wọ́n bú òun, ẹnìkejì kì í pẹ́ wí pé, ‘Ẹ̀yin náà ẹ̀! Eré ni mo ń ṣe.’ Ǹjẹ́ eré ni lóòótọ́? Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń mọ eré yàtọ̀ sí ìjà?

Àwọn tí wọ́n rò pé ọmọlúwàbí kì í fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín kò tíì jókòó ti ọpọ́n ayò rí. Ihò méjìlá ni ọpọ́n náà ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìdajì eré náà. Ẹni tí ó bá dé bá wọn níbẹ̀ yóò ní, ‘Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ.’ Ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni pé ọ̀ta ni ó ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta; ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n ń pa láyò. Bí ọ̀pẹ tilẹ̀ dàgbà ju ọ̀ta lọ, bí ó tilẹ̀ lówó jù ú lọ, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn yóò bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ láyò, kí wọ́n lè lọ gba owó ẹ̀kọ́ padà fún un. Wọn yóò ní kí ó lọ rán ọmọ rẹ̀ kékeré wá. Àwọn òǹwòran tí kò ta ayò rárá yóò bá wọn dá sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé wọ́n rí àgbàlagbà fín.

Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín wà níbẹ̀, ó ń wo ojú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Bí ọpọ́n kan bá parí, òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ àárọ̀ lè di ọ̀ta ọ̀sán, yóò sì san gbogbo gbèsè ọ̀rọ̀ tí ó jẹ, èlé lórí rẹ̀. Títa ayò ni wọ́n sì ń bú, kì í ṣe ìyá ẹni, kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe àìrọ́mọbí. Mo ti rí àgbà kan tí ó fi ọwọ́ da gbogbo ọmọ ayò rú lójijì, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń wòran mẹ́nu kan ìyàwó tí ó kọ ọ̀pẹ sílẹ̀. Kò bá ọmọ náà jà. Ó kàn ní, ‘Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ọpọ́n.’ Eré tú ká lọ́jọ́ náà.

Òfin irú eléyìí kò mọ sí ìdí ayò. Ní ilẹ̀ Kétu àti láàárín àwọn Ẹ̀gbádò, òru ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ jáde ni ẹ̀fẹ̀ máa ń kọrin sí ọ̀bàyéjẹ́, ìbáà ṣe olówó tàbí ìjòyè. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkè Ìbàdàn ni ọmọdé lè kọ orin tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn sí àgbàlagbà tí ń kọjá lọ, kí ó sì mú un jẹ. Bí ó bá kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, yóò jẹ ẹgba. Ìlọrin kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní dàdàkúàdà, èyí tí àwọn onímọ̀ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah kọ̀wé pé inú iṣẹ́ egúngún ni ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tí wọ́n gbọ́ olóògbé Odòlayé Àrẹ̀mú mọ̀ pé ọkùnrin náà lè yin ènìyàn kí ó sì ta á lábẹ́rẹ́ nínú mímí kan náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni ẹ̀fẹ̀ tí ìlú ń bá ìlú ṣe, tí ẹ̀yà ń bá ẹ̀yà ṣe. Ìlú tí oríṣiríṣi ènìyàn dà pọ̀ sí ni Ìlọrin. Yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá Àfọ̀njá, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, níbẹ̀, àti àwọn Fúlàní tí wọ́n tẹ̀lé Àlímì, a rí Gàmbàrí, Tápà, Bàrùbá àti Kánúrì. Àwọn ará Òkè Ọya tí wọ́n wá ń gbé ibẹ̀ kò ṣàì mọ àṣà tí wọ́n ń pè ní wasa ní èdè Hausa. Ọ̀rẹ́ eré ni Fúlàní àti Kánúrì jẹ́ sí ara wọn. Kánúrì lè pe Fúlàní ní ẹrú òun láàárín ọjà, kí Fúlàní sì dá a padà fún un ní ìlọ́po méjì, ẹ̀rín ni wọn yóò fi parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ará Kánò àti ará Sáríà. Ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, a ka irú àṣà yìí sí ohun iyebíye tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé ní ọdún 2014.

Ẹ má ṣe rò pé ìfẹ́ ni ó bí eré Fúlàní àti Kánúrì. Ogun wà láàárín wọn. Ní ọdún 1808 ni àwọn Fúlàní ajagun ẹ̀sìn kó Ngazargamu, olú-ìlú Bọ̀nú. Al-Kanemi gbéjà kò wọ́n, ó sì tún gbé kálàmù: ó kọ̀wé sí Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, pé kí ni ìdí tí Mùsùlùmí fi ń bá Mùsùlùmí jà. Bello fèsì. Àwọn lẹ́tà náà wà títí di òní, ìjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé ni, tí ẹnìkínní ń ka ọ̀rọ̀ ẹnìkejì kí ó tó dá a lóhùn. Àwọn tí baba wọn jagun ni ọmọ wọn wá ń pe ara wọn ní ẹrú lónìí, tí wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín.

Àpẹẹrẹ tiwa nìyí. Bí àgbà Ìbàdàn kan bá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí ó bá ti kí i ní, ‘Àlùfáà, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún,’ kò ní pẹ́ béèrè pé, ‘Àwọn ẹṣin tí ẹ gbàgbé sí Òṣogbo ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí ọ̀nà ilé?’ Onílé kò ní bínú. Yóò ké sí ìyàwó rẹ̀ pé, ‘Ìyá Sàlíù, bá wa wá ìkarahun ìgbín jáde o, àlejò Ìbàdàn dé, kò mọ ṣíbí lò!’ Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo, tí Ìbàdàn wá gbèjà ìlú náà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. Samuel Johnson sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Ní ti ìgbín, wọ́n ní òun ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó ń jẹ nígbà tí ìyà kó wọn gun orí òkè. Ẹ kò rí i bí? Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ èkínní, ebi sì wà nínú ọ̀rọ̀ kejì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kú ní Òṣogbo, wọ́n sì ta àwọn mìíràn lẹ́rú. Ohun tí ó jẹ́ kí a lè fi ṣeré lónìí ni pé ọgbẹ́ náà ti jinná, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń jẹ, tàbí tí ó ń pàdánù, nítorí Òṣogbo mọ́.

Ohun tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí nìyí. Àpá ni ẹ̀fẹ̀ ń fọwọ́ pa. Bí ọwọ́ bá kan egbò, èébú ni, ohun yòówù kí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án pè é. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá láti ìlú mìíràn yóò fi ẹ̀rín sọ fún ará Ìlọrin pé, ‘Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìlú fún Fúlàní.’ Ẹni kan yóò rẹ́rìn-ín, yóò fèsì pé, ‘Àwa gba àlejò, ẹ̀yin lé tiyín.’ Ẹlòmíràn, tí ó wá láti agbolé mìíràn ní ìlú kan náà, ojú rẹ̀ yóò pọ́n. Kì í ṣe pé kò mọ eré. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ìlú kò tíì parí lọ́kàn tirẹ̀ ni. Ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ẹgbẹ́ Tálákà Pàràpọ̀ ń fẹ́ kí Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, tí ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèjọba Àríwá sì kọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń polongo ìbò. Ohun tí a fi ń polongo ìbò kò tíì di ẹ̀fẹ̀.

N kò ní ṣàì mẹ́nu kan ọ̀ràn kan tí ó kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń bá ara wọn ṣe nísinsìnyí, orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń kọ ọ́, láìsí ojú, láìsí ohùn, àti ní pàtàkì, láìfi àmì sí ọ̀rọ̀. Èdè tí ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èdè tí a ń kọ ní ìhòòhò. Mo ti rí ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnìkan kọ ‘ogbon’, tí òun ní ọgbọ́n lọ́kàn, tí ẹni tí ó gbà á sì ka ọgbọ̀n, ó rò pé wọ́n ń fi ọjọ́ orí òun ṣe yẹ̀yẹ́. A lè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín ni pé, níbi tí a kò ti rí ojú ara wa, kò sí àgbà tí yóò da ọmọ ayò rú.

Ní ọdún 2021, ìjọba Kwara ti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin nítorí àríyànjiyàn lórí híjáàbù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀rọ̀ kan náà dá ìjà sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama Oyun Baptist ní Ìjàgbò, ẹnìkan sì kú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi orúkọ Ìjàgbò dá àpárá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń ṣe ẹ̀sìn kejì, níwájú àwọn tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń tà á. Àwọn tí wọ́n dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì fèsì. Ó ká ìwé ìròyìn tí ó ń kà, ó fi lé orí tábìlì, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.