Ẹ Má Jẹ́ Ká Pa Àwọn Tó Ń Bá Wa Ṣọ́ Oko

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Minna àti agbègbè rẹ̀, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa lónìí kì í ṣe ti ìdìbò, kì í ṣe ti oyè. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa àti àwọn onílẹ̀ wa.

Lásìkò ẹ̀gúsí tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó yá ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ àwọn Gbágyì gbé oògùn apakòkòrò pọ̀n ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó fín in sórí ẹ̀gúsí tó ti yọ òdòdó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, baba kan tó gbé ilé oyin sí ẹ̀bá oko náà bá òkú oyin nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀bẹ̀, a dá owó jọ, a fi tu baba náà nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkórè dé, ẹ̀gúsí ọmọ wa náà kò so. Ìtàkùn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ bàrà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé ohun tó pa oyin onílẹ̀ ti pa èrè oko tiwa náà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Òdòdó akọ ẹ̀gúsí wà lọ́tọ̀, ti abo wà lọ́tọ̀. Abo kò lè so àfi bí ẹnìkan bá gbé lẹ́búlẹ́bú ara akọ wá bá a. Oyin ló ń ṣe alárinà yìí. Àárọ̀ ni òdòdó náà máa ń là, tó bá di ọ̀sán, ó ti ń pa dé. Ẹni tó bá fín oògùn láàárọ̀, alárinà ló pa sójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti tọmọ kó má ní ààlà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oyin kò mọ ààlà, oògùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri náà kò mọ̀ ọ́n.

Ìjọba kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré, ìyẹn èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní òtapiápiá. Lọ́dún 2024, òfin tún dé bá paraquat tí a fi ń pa koríko àti chlorpyrifos tí a fi ń pa kòkòrò. Òfin dára. Síbẹ̀, bí ẹrù kan bá kúrò lórí àtẹ, òmíràn ló máa rọ́pò rẹ̀, tí ọkàn àgbẹ̀ kò bá yí padà. Ilẹ̀ tí à ń dáko lé lórí, a yá a ni. Owó tí a fi dá a, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Nítorí náà, tí a bá rí ihò kan ṣoṣo lára ewé, àyà wa á já, a ó sáré lọ ra oògùn. Gbogbo ohun tó bá ń rìn lórí ewé la kà sí ọ̀tá.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Aláǹtakùn ń mú àfòpiná kí ó tó yé ẹyin sára àgbàdo wa. Eèrà ń kó ẹyin àti ọmọ kòkòrò lọ jẹ. Kòkòrò pupa róbótó tó ní tótòtó dúdú lẹ́yìn, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, iná wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ẹ̀wà ló ń jẹ. Tí a bá fín oògùn, ọ̀tá àti olùṣọ́ á jọ kú. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ló ń bí kíákíá. Kí olùṣọ́ tó padà dé, ọ̀tá á ti kún oko, àwa náà á tún padà sọ́dọ̀ olóògùn. Ẹ wo kòkòrò àgbàdo tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2016, èyí tí wọ́n ń pè ní fall armyworm. Inú ọkàn àgbàdo ló ń sá pamọ́ sí, níbi tí oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Eèrà ń wọlé bá a níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó rántí gbáàgúdá. Lọ́dún 1973, wọ́n rí kòkòrò funfun kan ní agbègbè Congo, tó dà bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i lára. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì bá ọ̀tá rẹ̀ kankan níbí. Ó ń fa omi ewé, orí gbáàgúdá á ká kò, ẹbí á sì fojú ba ebi. Ilé ìwádìí IITA tó wà n'Íbàdàn wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sílé rẹ̀. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n kan lọ́dún 1981, agbọ́n tí kò tó eèrà. Inú kòkòrò funfun yìí ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ kòkòrò náà láti inú. Ọdún 1981 yẹn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 ní Áfíríkà. Ọ̀mọ̀wé Hans Herren, ọmọ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Gàrí tí à ń jẹ lónìí, agbọ́n wà nínú àwọn tó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn rárá. Ẹni tó bá gbin ẹ̀wà níhìn-ín mọ̀ pé tí kò bá fín in lásìkò òdòdó, ó lè má rí nǹkan ká. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á yẹ oko wò kí á tó fín. Kí á má fín láàárọ̀ tí oyin ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni kí á fi í sí. Kí á sọ fún ẹni tó ní ilé oyin nítòsí ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Omi èso dógoyárò tí a gún ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ kòkòrò ajẹwé, kì í sì í pa olùṣọ́ tó bí oògùn ọjà ti ń pa á.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà láìsí oògùn. Ẹ rà á.

Àlejò ni wá lórí ilẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ la bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa sí. Baba olóyin yẹn ti dárí jì wá, ó sì ti gbé ilé oyin tuntun síbi tó wà tẹ́lẹ̀. A kò fẹ́ kí wọ́n tún pè wá lẹ́ẹ̀kejì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ wa mú ire oko délé o.